Lẹ́sìn máàsì ọ̀nà Under G: ẹ lọ tìtorí índísìsì, ẹ má fowó yín ra hándáùtì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́ pé mo ti padà sí lẹ́sìn ni àwọn èèyàn ò ti jẹ́ kí fóònù mi sinmi, ibo ni, èló ni, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́, ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n á ti gbowó èèyàn tán tí tíṣà á wá máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí aago méje á fi lù. Ó ti sú mi kí n máa dá wọn lóhùn ní kọ̀ọ̀kan, mo ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí kí n lè ráyè dojú kọ máṣíìnì mi.

Mi ò ní dárúkọ wọn. Mo fẹ́ sọ dáadáa wọn, mo fẹ́ sọ àìdáa wọn náà, Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ò sì tóbi tó kí wọ́n má mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀nà Under G ni ṣá, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibẹ̀ gan-an kó bi mí ní ínbọ́ọ̀sì, màá júwe ẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, télọ̀ ni mí, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdírì. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kà, krédíìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, máàsì sì wà nínú ẹ̀ dandan. Mo ti jókòó fún máàsì lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ F9, ti ìkejì E8. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ṣé ẹ rí i pé ó ń gbéra díẹ̀díẹ̀. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. GCE ni mo fẹ́ ṣe báyìí, ìdí tí mo fi lọ forúkọ sílẹ̀ nìyẹn.

Owó wọn: fọ́ọ̀mù ₦1,000, oṣù kan ₦5,000, Mọ́ńdè sí Tọ́sídè, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí méje. Hándáùtì ₦1,500, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn. Yàrá kan ṣoṣo ni, bẹ́ǹṣì mẹ́wàá, àwa tá a wà níbẹ̀ sì lé ní ogójì, tó o bá fi lè dé lẹ́yìn aago márùn-ún, ẹnu ọ̀nà lo máa dúró sí tó o máa na ọrùn bí ọ̀kín. Fáànù kan ló wà lókè, òun náà ń mi orí ṣáá bí ẹni pé kò gba nǹkan tí tíṣà ń sọ gbọ́. Àwọn ọmọ SS3 ló pọ̀ jù. Àǹtí Télọ̀ ni wọ́n ń pè mí, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ti ń gbé ṣòkòtò yúnífọ́ọ̀mù wá kí n bá wọn pààrọ̀ síìpù ẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé, índísìsì ni wọ́n wà, èyí tí x máa ń lọ bà sókè lórí nọ́ńbà bí ẹyẹ. Nílé ìwé wa nígbà yẹn, tíṣà wa kàn sọ pé ẹ jẹ́ kí béèsì (nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀) jọra, ẹ pa béèsì rẹ́, ẹ mú páwà (èyí tó bà lé e lókè), kò sọ ìdí, àwa náà ò bi í, a há a sórí bí ẹni há orin, ọjọ́ ìdánwò dé orin bọ́ sọnù. (Àmì ^ tẹ́ ẹ máa rí yìí, páwà ni mo fi ń pè o, fóònù mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nọ́ńbà kékeré sókè.)

Ọ̀ńkù, bá a ṣe ń pe tíṣà náà nìyẹn, LAUTECH ló ti jáde, ó kọ 3^x = 243 sí bọ́ọ̀dù. Gbogbo yàrá fa kakulétọ̀ yọ. Ó ní ẹ dá a padà sínú báàgì. Ọmọ kan ní ṣebí wọ́n ń jẹ́ ká lò ó ní WAEC. Ó ní wọ́n ń jẹ́ kẹ́ ẹ lò ó o, JAMB náà á gbé tiwọn síwájú yín lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kakulétọ̀ ò lè sọ fún yín pé ọmọ taa ni 243. Ó ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá ti rí, ẹ bi í bí àgbàlagbà ṣe ń bi ọmọ tó bá pàdé lọ́nà: ìwọ, ọmọ taa ni ọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: 3, 9, 27, 81, 243. Ìgbà márùn-ún. 3^5 ni. Apá òsì ń jẹ́ 3^x, apá ọ̀tún ń jẹ́ 3^5, x jẹ́ 5, ó tán.

Látọjọ́ yẹn, ká tó ṣe ohunkóhun, a máa kọ́kọ́ ké àwọn ìdílé yẹn (nọ́ńbà kan àti gbogbo páwà ẹ̀) sókè ni. Ìdílé 2 títí dé 1,024, ìdílé 3 títí dé 729, ìdílé 5 títí dé 3,125, ti 7 ò ju 343 lọ torí Ọ̀ńkù ní ẹni tó bá béèrè ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ yín, ìjà ló ń wá. Àfi bí ilé kéú. Ọmọ tó ń ta píọ́ wọ́tà nísàlẹ̀ ti há ti 2 sórí, kò san kọ́bọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwà ọmọdé ni, ìgbà tí Ọ̀ńkù wá bá wa ṣe ìṣirò àsìkò ni mo tó panu mọ́: ọ́bù WAEC, ìbéèrè 50 ní wákàtí kan àbọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò pé ìṣẹ́jú méjì. JAMB le jù bẹ́ẹ̀ lọ, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀, ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ronú pé kí ni 243 jẹ́ ná, ẹlòmíì ti dé orí ìkẹta.

Àwọn nọ́ńbà kan wà tí ilé wọn ju ẹyọ kan lọ o. 64, ilé 2 mọ̀ ọ́n (2^6), ilé 4 mọ̀ ọ́n (4^3), ilé 8 náà mọ̀ ọ́n (8^2). Ọ̀ńkù ní tẹ́ ẹ bá ti bá irú ẹ̀ pàdé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bàbá ńlá, èyí tó kéré jù, torí ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo wọn á ti pàdé. Ó wá kọ èyí tó lé oorun lójú mi:

4^(x+1) = 8^(x−1)

Ojú 4 ọ̀tọ̀, ojú 8 ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n 2 ló bí àwọn méjèèjì: 4 jẹ́ 2^2, 8 jẹ́ 2^3, 2 àti 3 tó wà lókè yẹn la máa fi sọ páwà wọn di púpọ̀. Ibí ni mo ti rántí ọmọ iṣẹ́ mi. Téèpù tá a fi ń wọn èèyàn, ínṣì wà lójú kan, sẹ̀ǹtímítà wà lójú kejì. Lọ́jọ́ kan ó wọn ìbàdí oníbàárà ní ínṣì, téèpù yí mọ́ ọn lọ́wọ́ kò fura, ó wọn àyà ní sẹ̀ǹtímítà, ó wá kọ 38 àti 91 sínú ìwé. Àyà 91! Ṣé èèyàn ni àbí bàráàlù omi? Kí n tó lè mọ èwo ló fẹ̀ ju èkejì nínú àyà àti ìbàdí, àfi kí n kọ́kọ́ mú méjèèjì wá sójú téèpù kan náà, mo fi 2.54 pín 91, kò tiẹ̀ pé ínṣì 36. Nǹkan tí Ọ̀ńkù ń ṣe lórí bọ́ọ̀dù náà nìyẹn, ó ń mú 4 àti 8 wá sójú téèpù kan, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù tí mi ò mọ̀ pé máàsì ni.

Ìyẹn ò ní kí n má gbà á sódì o. Mo kọ 2x + 1 lápá kan, mo kọ 3x − 1 lápá kejì, mo rí x = 2, inú mi ń dùn. Ọ̀ńkù dúró lẹ́yìn mi, kò bú mi, kò sì sọ pé ó tọ̀nà, ó kàn ní kí n mú 2 yẹn padà síbi tó ti wá kí n wò ó bóyá wọ́n á gbà á wọlé. 4^3, 64. 8^1, 8. Ẹnu mi wọhò. Ó ní 2 tó o mú jáde nínú 4 yẹn, gbogbo ẹni tó wà nínú búrákẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ kí, o ò lè kí x kó o fo 1 tó jókòó tì í. Ní ìlú wa níbí? Wọ́n á ní o ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó wá di 2x + 2 àti 3x − 3, x jẹ́ 5. Mo mú un padà: 4^6 jẹ́ 4,096, 8^4 náà jẹ́ 4,096. Mo jẹ́wọ́ pé mo pariwo.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo ti ń gbé káàkiri láti sẹ́kọ́ńdírì: kí ló fún wa láṣẹ láti pa béèsì rẹ́? Ìdáhùn ẹ̀ nìkan tó ₦5,000 lójú mi. Ó ní ẹ wo ìdílé 2 bí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bí páwà ṣe ń pọ̀ sí i lò ń gòkè, kò sí àtẹ̀gùn méjì tó ga dọ́gba, nítorí náà tí ẹni méjì bá wà ní gíga kan náà, orí àtẹ̀gùn kan náà ni wọ́n wà, kò sọ́gbọ́n míì. Tó bá jẹ́ 1/2 ni béèsì, sísọ̀ lò ń sọ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ṣì ni. Ẹ wá wo 1. 1^3 jẹ́ 1, 1^7 jẹ́ 1, ṣé 3 wá di 7 nìyẹn? 1 ò ní àtẹ̀gùn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni. 0 náà ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. −1 tún burú jù, ó ń fò sókè fò sísàlẹ̀, páwà 2 jẹ́ 1, páwà 4 jẹ́ 1. Béèsì gbọ́dọ̀ ju 0 lọ kó má sì jẹ́ 1 kẹ́ ẹ tó lè pa á rẹ́. Tíṣà wa ìjọsí ò sọ èyí fún wa rí.

Alẹ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Bàbá kan tó máa ń wá mú ọmọ ẹ̀ lọ sílé jókòó sẹ́yìn, ó ń dúró. Ọ̀ńkù kọ 2^x = 256. Bàbá ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, Ifá mà nìyẹn. Ọmọ ìjọ Baptist kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń ní ẹ̀jẹ̀ Jésù lábẹ́nu. Ọ̀ńkù ní kí bàbá máa bọ̀ níwájú, ó fún wọn ní máákà. Wọ́n ní ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọmọ mẹ́jọ ló so mọ́ ọn, mẹ́rin lọ́tùn-ún mẹ́rin lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú délẹ̀, ó sì lè ṣíjú sókè, ọ̀nà méjì péré ló ní. Apá kan, 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, 2^4, ìyẹn 16, òun la fi ń sọ pé ojú odù mẹ́rìndínlógún. Apá méjèèjì lápapọ̀, 2^8, 256, gbogbo odù nìyẹn, àti ojú àti ọmọ. Bàbá ní àwọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní índísìsì o. Ọ̀ńkù kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: 16^x = 256, 2^(4x) = 2^8, x jẹ́ 2. Yàrá dákẹ́. Ọmọ Baptist yẹn náà dà á kọ, mo rí i.

Ọ̀ńkù bá gba ibẹ̀ lọ, ó ní ṣé ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà Yorùbá fúnra ẹ̀ ní béèsì. Ogún lọ́nà ogún ni irinwó, irinwó lọ́nà ogún ni ẹgbàárin, ẹgbàá mẹ́rin, 8,000. Ó ní ó dáa, ẹ wá 400^x = 8,000 fún mi. Ẹni tó bá ń pe nọ́ńbà lóyìnbó nìkan máa fojú wá a tì. Ṣùgbọ́n 20^(2x) = 20^3 ni, 2x jẹ́ 3, x jẹ́ ìdajì 3, ìyẹn 3/2. Mo tún un yẹ̀ wò nílé: rúùtù 400 jẹ́ 20, 20 páwà 3 jẹ́ 8,000. Ìyá mi tó ń gbọ́ mi ní kí ni mò ń ka ẹgbàárin sí, ṣé mo fẹ́ san owó orí ìyàwó ni.

Àwọn tó kù, ó yára kọjá lórí wọn, kò sì burú torí tó o bá ti mọ ìdílé, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Tí nọ́ńbà bá bọ́ sísàlẹ̀ ìlà, páwà á di máínọ́ọ̀sì, 9^x = 1/27 á di 3^(2x) = 3^(−3), x jẹ́ −3/2. Rúùtù ń jẹ́ páwà ìdajì, 25^x = √5 á fún ẹ ní 1/4. Tẹ́ ẹ bá rí 1 nìkan lápá kan, bíi 5^(x−3) = 1, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀, páwà 0 ló wọ̀ sọ́rùn, x jẹ́ 3.

Ó yá, àìdáa wọn.

Hándáùtì. Ojú ewé kejì, 9^x = 27, wọ́n kọ ọ́ pé x = 3. Mo wò ó, mo tún wò ó. Èmi E8 yìí, mo ní bóyá èmi ni mi ò rí i dáadáa. Mo bi 9 pé ọmọ taa ni, mo bi 27 náà, 3 ni wọ́n dárúkọ, 3^2 àti 3^3, 2x jẹ́ 3, x jẹ́ 3/2. Mo wá mú 3 tiwọn lọ wò: 9^3 jẹ́ 729, kò sún mọ́ 27 rárá, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kàn fi 9 pín 27 ni. Mo gbé e lọ bá Ọ̀ńkù níwájú gbogbo kíláàsì, ọkàn mi ń lù kìkì. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá ṣe é lórí bọ́ọ̀dù. Mo ṣe é. Àwọn ọmọ SS3 pàtẹ́wọ́ fún Àǹtí Télọ̀. Inú mi dùn o, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí, hándáùtì yẹn náà ni wọ́n ṣì ń tà fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ₦1,500, wọn ò tiẹ̀ fi báírò tún un ṣe. Mo ti rí àṣìṣe mẹ́ta míì nínú ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ ra nóòtù ₦300 kẹ́ ẹ máa da ti bọ́ọ̀dù kọ.

Èkejì, èyí tó dùn mí jù. Àwọn tó le, èyí tí ìdánwò fẹ́ràn, ibẹ̀ ni Ọ̀ńkù ti sáré. 3^x + 3^(x+1) = 36, ìdajì kíláàsì ló ń ro páwà pọ̀, èèyàn kan rí 2x + 1, kò sì sí àyè láti ṣàlàyé fún un pé àròpọ̀ ò fún wa láṣẹ yẹn, ìsọdipúpọ̀ ló fún wa. Ńṣe lẹ máa yọ 3^x síta, inú búrákẹ́ẹ̀tì á ku 1 + 3, ìyẹn 4, 3^x jẹ́ 9, x jẹ́ 2. Ẹ̀gbọ́n ọmọ kan tó wà ní LAUTECH ló fi yé wa níta. Èyí tó tún le sí i, 2^(2x) − 5(2^x) + 4 = 0, Ọ̀ńkù ní ká pe 2^x ní y, ó di y^2 − 5y + 4 = 0, y jẹ́ 1 tàbí 4, jẹnẹrétọ̀ bá kú. Ó ní ẹ lọ parí ẹ̀ nílé. Àwọn tó pọ̀ lọ dáwọ́ dúró síbi y. y kọ́ ni wọ́n bi yín, x ni: 2^x jẹ́ 1, x jẹ́ 0, 2^x jẹ́ 4, x jẹ́ 2. Kò padà sórí ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà tó sì yẹ kó sáré, kò sáré. Ẹnì kan bi í pé 2^x = 10 ńkọ́. Ìbéèrè tó dáa ni, torí 10 ní 5 nínú, 2 ò sì lè bí 5 láéláé bó ti wù kó bímọ tó, wọn ò ní bàbá kan náà, ọ̀nà tá à ń gbà bọ̀ yẹn ti dí nìyẹn. 2^3 jẹ́ 8, 2^4 jẹ́ 16, x wà láàárín 3 àti 4, lọ́gì (lọ́gárídíìmù, tó ń bá èèyàn wá páwà) lẹ máa fi wá a, bíi 3.32. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó. Ọ̀ńkù fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú pìtàn John Napier, ará Scotland tó gbé tábìlì lọ́gì jáde lọ́dún 1614, àti irú ìyà tó ń jẹ àwọn tó ń ka ìràwọ̀ nígbà yẹn kí lọ́gì tó dé. Ìtàn dùn, ó mọ̀ ọ́n pa, ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú yẹn ni mi ò rí lò fún y ọjọ́ yẹn.

Owó jẹnẹrétọ̀ náà, ₦200 lọ́sẹ̀, kò sí nínú nǹkan tí wọ́n sọ fún wa nígbà tá à ń gba fọ́ọ̀mù. Owó kékeré ni, àìsọ ẹ̀ ló bí mi nínú.

Tí mo bá fẹ́ fún wọn ní ìràwọ̀, mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún. Tíṣà fúnra ẹ̀, mẹ́rin àbọ̀. Hándáùtì, òdo, tó bá ṣeé ṣe kó wọ máínọ́ọ̀sì kó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti mọ índísìsì tẹ́lẹ̀ tó kàn fẹ́ yanjú pásì kúẹ́ṣọ̀n, ibẹ̀ ò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn, èrò ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó máa dúró tì ẹ́. Ẹni tó bá dà bí èmi, tí x tó wà lókè yẹn máa ń dẹ́rù bà, kó lọ, kó tètè dé, kó jókòó síwájú lápá òsì nítorí fáànù, kó sì béèrè ìdí gbogbo nǹkan torí wọn kì í bínú síbèéèrè.

Ẹni tó ní aṣọ lọ́dọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, Mọ́ńdè sí Tọ́sídè mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn aago mẹ́rin àbọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi wà níbẹ̀, ó ti mọ ojú téèpù báyìí.